Ìríran Kọ̀ǹpútà ní Ìsàlẹ̀ Èkó: Ìdí tí Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Fi Gbọ́dọ̀ Bẹ̀rẹ̀ Lórí Ètò Ọ̀fẹ́

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bí òwe yìí bá sì ní ibi tí ó ti ṣẹ láyé òde òní, àárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni, níbi tí àwọn ènìyàn tí kò fojú kan ara wọn rí ti pawọ́ pọ̀ kọ ètò tí ń jẹ́ kí ẹ̀rọ dá ohun tí ó wà nínú àwòrán mọ̀, tí wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà á, lò ó, tàbí tún un ṣe. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni OpenCV, tí Gary Bradski dá sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Intel ní 1999. Scikit-image tí ó sì dé ní 2009, ọmọ Áfíríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Stéfan van der Walt ará Gúúsù Áfíríkà. Èrò mi ni pé, fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó Akéte, owó tí kò ní san kọ́ ni olórí àǹfààní àwọn ètò wọ̀nyí, bí kò ṣe pé ó lè ṣí inú wọn wò, kí ó rí ibi tí ẹni tí ó kọ wọ́n ti gbà pé bákan náà ni gbogbo ayé rí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọjọ́ Adámú Òrìṣà, ọdún Ẹ̀yọ̀, irú èyí tí ó wáyé ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún. Ẹ̀yọ̀ jáde láti ìga, agbádá funfun ń wọ́ nílẹ̀, ìbojú bo ojú, ọ̀pámbàtà wà lọ́wọ́, akẹtẹ̀ wà lórí; akẹtẹ̀ yìí ni a sì fi ń mọ ẹni tí í ṣe: pupa ni ti Làbà, àwọ̀ ìyeyè ni ti Oníko, àwọ̀ ewé ni ti Ológèdè, dúdú ni ti Adímú, àgbà gbogbo wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yà wọ́n sọ́tọ̀, nọ́ńbà ni OpenCV yóò fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 179, nítorí pé 360 tí ó yí òbìrí àwọ̀ ká ni wọ́n pín sí méjì kí ó lè gba inú báìtì kan ṣoṣo. Àwọ̀ ìyeyè wà nítòsí 30, àwọ̀ ewé nítòsí 60. Ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun méjèèjì ni pupa wà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá wá Làbà sí apá kan péré yóò pàdánù púpọ̀ nínú wọn. Adímú ńkọ́? Dúdú kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀ rárá. Bí ìmọ́lẹ̀ ti kéré tó ni a ó fi wá a. Ohun mìíràn tún wà: àwọ̀ aró ni OpenCV ń kà ṣáájú pupa, nítorí náà bí a bá gbé àwòrán náà fún ètò mìíràn tí ń ka pupa ṣáájú láìyí i padà, akẹtẹ̀ Làbà yóò di aláwọ̀ aró. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó bá rí èyí kò nílò olùkọ́ kí ó tó mọ̀ pé àṣìṣe ti wọ̀ ọ́. Àwòrán ìlú àjèjì kò lè ṣe irú ìrànlọ́wọ́ yìí fún un.

Ọ̀nà wíwá ojú ènìyàn tí Paul Viola àti Michael Jones gbé kalẹ̀ ní 2001 náà wà nínú OpenCV. Ó ń fi òkùnkùn agbègbè ẹyinjú wé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìwọ̀n tí ó ń lò sì wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kà, kí ó bi í léèrè bóyá ìwọ̀n náà yẹ awọ dúdú lábẹ́ oòrùn ọ̀sán Ìdúmọ̀tà, kí ó sì fi àwòrán tirẹ̀ kọ́ òmíràn. Àwọn tí ń sọ pé kí á kúkú máa ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti sè kalẹ̀, kí wọ́n rántí ohun tí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru fi hàn ní 2018: nínú ètò ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n yẹ̀ wò, àṣìṣe lórí mímọ̀ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ènìyàn dé 34.7% fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, nígbà tí kò kọjá 0.8% fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun. Ìta ni wọ́n ti rí i. Ẹni tí ó wà níta kò sì ní agbára kankan láti tún inú ilé ṣe.

Òótọ́ ni pé ètò tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò tó, bí àwòrán tí a fi kọ́ ọ kò bá jẹ́ tiwa. Àìní àwòrán tiwa ń pa wá lára níbòmíràn pẹ̀lú: Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinubu Square, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855, ni wọ́n wó ní oṣù kẹsàn-án 2016. Bí a bá ní àwòrán rẹ̀ tó láti igun gbogbo, ètò ọ̀fẹ́ bíi COLMAP ìbá lè fi wọ́n tún ìrísí rẹ̀ gbé dìde. Kò sì sí àwáwí dátà tí ó wúwo níbí, nítorí pé bí ẹnì kan bá ti gba OpenCV sórí kọ̀ǹpútà lásán, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, fláàṣì sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ní Èkó: ẹ kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn olóyè ìga, ẹ bọ̀wọ̀ fún òfin ààbò dátà ti 2023, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹ̀yọ̀, tí ìbojú rẹ̀ kò jẹ́ kí á tú àṣírí ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àkójọ àwòrán yín bá pé, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ará Badagry àti ará Porto-Novo, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlòmíràn ti fi ètò wọn sílẹ̀ fún wa.