Orúkọ dúró, àdírẹ́sì ló ṣí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀kan nínú yín tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan níbí ní Ìsẹ́yìn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn, nítorí náà, nọ́ńbà àdírẹ́sì tí ayé fi ń rí server wọn máa yí. Ó ní, "Prof, ṣebí iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni, sà?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n pìtàn.

Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹni tó bá gba nọ́ńbà, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbilẹ̀, ọ̀nà tí àwọn router ńlá gbọ́dọ̀ há sórí pọ̀ ju agbára wọn lọ. Ní 1993 wọ́n gbé ètò CIDR kalẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò gba nọ́ńbà ní ìdì-ìdì, òun ni yóò sì yá àwọn oníbàárà rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe di ayálégbé nìyẹn. Tá a bá kúrò lọ́dọ̀ lánlọ́ọ̀dù, nọ́ńbà rẹ̀ kì í bá wa lọ. Ti fóònù yàtọ̀: láti 2013 ni Nàìjíríà ti gbà wá láyè láti gbé nọ́ńbà wa láti ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn.

Ní 1996, Brian Carpenter àti Yakov Rekhter kọ RFC 1900, tí àkọlé rẹ̀ sọ pé yíyí nọ́ńbà padà nílò iṣẹ́. Ní 1997, Paul Ferguson àti Howard Berkowitz ṣàlàyé nínú RFC 2071 ohun tó ń mú un wáyé. Ó wá di 2010, Carpenter tún bá àwọn mìíràn kọ òmíràn, RFC 5887. Àkọlé tọ̀tẹ̀ yìí ńkọ́? Iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀!

Kí ló dé tó fi le tó bẹ́ẹ̀? Yíyí nọ́ńbà kò le. Mímọ gbogbo ibi tá a kọ ọ́ sí ló le. Ẹ wo Benin tó múlé gbe wa. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà fóònù wọn, mẹ́jọ di mẹ́wàá. Ẹni tó ní oníbàárà aṣọ òkè ní Parakou ní láti tún un kọ sínú fóònù, sínú ìwé gbèsè, sára ẹrù.

Ojú mi rí i. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka wa yí nọ́ńbà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Lọ́jọ́ Ajé íntánẹ́ẹ̀tì wá, a pàtẹ́wọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì ká tó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà tó ń fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ ṣì ń kan ilẹ̀kùn nọ́ńbà àtijọ́. Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ kan tó ń dúró de èsì rẹ̀ pàdánù àyè tó ti rí lókè òkun. Títí dòní, mi ò gbàgbé ojú ọmọ náà.

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún ẹni tó pè mí rèé. Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ibi tí nọ́ńbà wà sílẹ̀: firewall, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ètò tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Bí RFC 1900 ṣe gbani níyànjú, ibi tí orúkọ bá ti lè ṣiṣẹ́, ẹ má fi nọ́ńbà síbẹ̀. Iṣẹ́ tí DNS ń ṣe láti 1983 nìyẹn. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ẹ dín TTL kù, ìyẹn iye àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn fi ń rántí nọ́ńbà yín. Kí ẹ sì sanwó fún tàtijọ́ àti tuntun pọ̀ fún oṣù kan, ó kéré tán.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọ̀jà ní àwọn ọdún 1830, Ọ̀yọ́ náà ló pè é, àwọn oyè sì bá a wá. Ẹni tó ń béèrè Aláàfin kò ṣìnà.