Ìtọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú ewé, àdúrà àti ọ̀rẹ́ ní àyíká Ìbàdàn

Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà àti Ìjàyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé dé Lálúpọn ní Lágelú, Ẹ̀rúnmu ní Ẹgbẹ́dá àti Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, ẹni tí jẹjẹrẹ bá mú kì í sábà gbára lé ilé ìwòsàn nìkan. Ìgò àgbo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn dókítà, omi àdúrà wà níbẹ̀, tàbí omi tí àáfà fi fọ wàláà. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ní 1960, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn náà ṣí ní Orítamẹ́fà, ka ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí mọ́ agbègbè rẹ̀. Ti ọmú àti ti ọrùn ilé-ọmọ ló pọ̀ jù láàárín obìnrin, ti prostate láàárín ọkùnrin.

Ìwádìí kan láàárín aláìsàn jẹjẹrẹ 160 ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Enugu, tó jáde ní 2007, rí i pé 65 nínú 100 wọn ló ti lo nǹkan mìíràn mọ́ ìtọ́jú dókítà, ewé àti egbò ló sì ṣíwájú. Ó lé ní ìdajì àwọn tó ń lò ó tí kò sọ fún dókítà, nítorí dókítà ò bi wọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ yìí léwu ju ọ̀pọ̀ ewé lọ.

Ewé lágbára lóòótọ́. Ara òdòdó kékeré kan láti Madagascar, tí ọ̀pọ̀ ilé gbìn síwájú ìta, ni wọ́n ti rí vincristine, oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n mílígíráàmù méjì ni wọn kì í sábà kọjá lẹ́ẹ̀kan fún àgbàlagbà; ẹni tó bá se ewé náà mu kò lè mọ ìwọ̀n ohun tó mu. Atalẹ̀ máa ń bá àwọn kan dá èébì dúró díẹ̀. Àgbo ọlọ́tí, tàbí èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, àwọn gan-an tó ń kó oògùn jẹjẹrẹ kúrò lára.

Ọ̀rọ̀ ibà ló le jù. Lẹ́yìn kímò, oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà máa ń wálẹ̀, pàápàá láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Bí ara bá gbóná lásìkò náà, ibà ẹ̀fọn ni ará ilé máa kọ́kọ́ rò, wọn á gbé ìkòkò kaná: dongoyárò, ewé ìbẹ́pẹ, koríko ọba. Wọn ò ṣe é níkà, bí wọ́n ṣe ń wo gbogbo ibà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kòkòrò lè ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì fi àgbo dá dúró di ọjọ́ kejì lè má là á já. Òru yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Gbẹ́rẹ́ náà kò dára lásìkò yìí, nítorí ojú ibi tí abẹ ti là ni kòkòrò máa gbà wọlé.

Ọ̀rẹ́ ni ìrànwọ́ tí kì í ba oògùn kankan jẹ́. Ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tan ìtànṣán sí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀ máa ń lọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Láti Àkànrán, ọ̀kadà ni, lẹ́yìn náà takisí Míkírà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ìbátan tó ní yàrá nítòsí UCH, ní Yemẹtù tàbí Mọ́kọ́lá, ti gba ìdajì ìyà yẹn kúrò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ àsàlátù tàbí ti ìjọ ń dá owó mọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́ ń fún un lẹ́jẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró á wá ro oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kí igbó má bò ó. Bí ẹnu bá bó, ògì tó ti tutù díẹ̀ tàbí àmàlà pẹ̀lú ewédú tí kò láta ló ń lọ lọ́nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń fi àìsàn náà pamọ́, kí wọ́n má baà sọ pé ayé ló ń bá a jà tàbí pé ó máa ran ẹlòmíràn. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Ẹ lè jọ jẹun nínú àwo kan náà.

Nígbà tí ìwòsàn ò bá ṣeé ṣe mọ́, ìtọ́jú ò tíì parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, dókítà oògùn tó ń pa ìrora, ló ṣíwájú ní Ìbàdàn nínú dídá Centre for Palliative Care Nigeria sílẹ̀, iṣẹ́ tó ń tọ aláìsàn lọ sílé. Morphine olómi tí wọ́n ń mu ni wọ́n fi ń pa ìrora tó le. Ẹbí máa ń bẹ̀rù pé ó máa di bárakú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lò ó bí dókítà ṣe wí, ìgbẹ́ tó máa ń dí ló yẹ kí wọ́n múra sílẹ̀ fún, kí wọ́n fún un ní oògùn tó ń la inú pẹ̀lú rẹ̀. Egbò ọmú tó ń rùn náà ní oògùn: àwọn nọ́ọ̀sì máa ń lọ Flagyl, wọ́n á bù ú sí ojú egbò tí wọ́n ti fọ̀, òórùn náà á sì dínkù gan-an.