Jíìmù Ti Kúrò Ní Ti Géńdé Nìkan: Bí Ọjọ́ Orí Àwọn Tó Ń Lọ Síbẹ̀ Ṣe Yí Padà

Nígbà tí Jack LaLanne ṣí ilé ìdárayá rẹ̀ sí Oakland, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1936, òun fúnra ẹ̀ sọ pé ńṣe làwọn dókítà ń lé èèyàn sá fún un. Wọ́n ní irin gbígbé á dá àìsàn ọkàn sí wọn lára. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ò gbọ́ ìkìlọ̀ ló gba jíìmù. Nígbà tí Joe Gold sì ṣí Gold's Gym sí California lọ́dún 1965, géńdé tó fẹ́ kí apá òun rí gìrìwò làwọn èèyàn ṣì mọ̀ mọ́ jíìmù. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ta ni ò rántí irin ẹ̀yìnkùlé, páìpù tá a ki bọ agolo oníkọnkéré méjì? Ẹ ò lè bá màmá ẹnikẹ́ni níbẹ̀!

Àwọn obìnrin ló tẹ̀ lé wọn. Ẹni ọdún 44 ni Jane Fonda nígbà tí fídíò eré ìdárayá rẹ̀ jáde lọ́dún 1982, ó sì tà bí nǹkan míì.

Àwọn àgbà ló pẹ́ jù kí wọ́n tó dé. Lọ́dún 1990, Maria Fiatarone àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe nílé ìtọ́jú arúgbó kan ní Boston. Èèyàn 10 tí ọjọ́ orí wọn ń lọ bí 90 ló bẹ̀rẹ̀, 9 ló parí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 8 péré ni wọ́n fi ẹsẹ̀ gbé irin, agbára ẹsẹ̀ wọn sì ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni 90 ọdún o! Lọ́dún 1992, ètò SilverSneakers bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera ló ń bá ẹni tó ti lé ní 65 san owó jíìmù.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ò wá apá gìrìwò. Wọn ò fẹ́ ṣubú ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti Kánò tàbí Jọs lọ sílé fún Iléyá àti Kérésì mọ̀ pé agbára ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń gun mọ́tò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kẹ́ni tó ti pé 65 máa ṣe eré ìdárayá tó ń fún iṣan lókun, tó sì ń jẹ́ kéèyàn lè dúró dáadáa, ó kéré tán lọ́jọ́ 3 lọ́sẹ̀.

Ẹni tí ò ní jíìmù nítòsí lè fi àga bẹ̀rẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri, kẹ́ ẹ máa jókòó, kẹ́ ẹ máa dìde, láìfọwọ́ ti nǹkan bó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí orúnkún ń dùn, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.