Nii Kwabena Bonne, olóyè tó ti ìsọ̀ òyìnbó pa kí Nkrumah tó dé orí owó

Tí owó sídì Ghana bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ rí, ẹ ó ti rí ọkùnrin mẹ́fà kan lára rẹ̀. Big Six ni wọ́n ń pè wọ́n: Nkrumah, Danquah àtàwọn mẹ́rin yòókù. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò sí níbẹ̀.

Nii Kwabena Bonne lorúkọ rẹ̀. Oníṣòwò ni, òun náà sì ni Mantse, ìyẹn olórí àdúgbò, ní Osu Alata ní Accra. (Alata yìí náà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ dúdú fi ń jẹ́ alata samina lọ́dọ̀ wọn.)

Ogun Hitler parí ní 1945, ọ̀wọ́n ọjà ò parí. Aṣọ, bisikíìtì, ẹran inú agolo, gbogbo ẹ̀ ló gbówó lórí. UAC àtàwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó mìíràn tó ń kó ọjà wọlé wà nínú ẹgbẹ́ kan, AWAM, àwọn ará ìlú sì gbà pé ṣe ni wọ́n jọ ń fẹnu kò lórí iye tí wọ́n ń tà. Títí dòní, tí ọmọ Ghana bá ní "awam", jìbìtì ló ń sọ.

Bonne ò dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ o. Ìgbìmọ̀ tó máa gbógun ti ọ̀wọ́n ọjà ló dá sílẹ̀, ó sì lọ bá àwọn ọba àti olóyè káàkiri kí wọ́n lè tì í lẹ́yìn. Ní ìparí oṣù Kíní 1948, wọ́n bẹ̀rẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra ọjà òyìnbó mọ́. Ibòmíì wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá rà á á san owó ìtanràn. Ó lé lóṣù kan tí wọ́n fi dúró lórí ẹ̀.

Ìjọba wá pè wọ́n jókòó. Àwọn oníṣòwò gbà láti dín èrè wọn kù láti ìdá 75 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, pé ọjọ́ 28 oṣù Kejì làwọn èèyàn á padà sọ́jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ni pé owó ọjà fúnra rẹ̀ máa já wálẹ̀ gan-an. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ọjà tó wọlé ní ṣílè 100, tí wọ́n ń tà ní 175, 150 ló máa padà sí. Nígbà táwọn èèyàn dé ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, inú bí wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun tó ti jagun fún Bìrìtìkó ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ sí ilé gómìnà ní Osu, nítorí owó tí wọ́n ṣèlérí fún wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó kan, Colin Imray, yìnbọn fúnra rẹ̀. Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey kú. Ìròyìn yẹn bá àwọn tínú ti ń bí tẹ́lẹ̀ láàárín ìlú, ni wọ́n bá dáná sun ìsọ̀. Kí wàhálà náà tó rọlẹ̀, èèyàn 29 ti kú, 237 fara pa.

Àwọn Big Six nìjọba wá kó. Saltpond ni Nkrumah wà lọ́jọ́ yẹn, oṣù mélòó kan ló ṣì dé láti London, ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ló sì pe ìyanṣẹ́lódì ọjà yẹn. Lójú tèmi, ìjọba fún wọn lógo tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ fún. Nkrumah mọ bó ṣe máa lò ó, mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbìmọ̀ Watson tó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà ní kí wọ́n yí òfin ìjọba padà, ìbò wáyé ní 1951, òmìnira dé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1957.

Lọ́dọọdún, tó bá di ọjọ́ 28 oṣù Kejì, wọ́n máa ń gbé òdòdó lọ fún àwọn ọmọ ogun mẹ́ta yẹn ní Osu, ní àdúgbò Bonne gan-an.