Kámẹ́rà Àlòsọnù àti Fọ́tò Àwọn Baba Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari. Mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tún ti ń gbé kámẹ́rà àlòsọnù sórí tábìlì níbi ìgbéyàwó, kí àlejò máa fi ya ara wọn. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ti wá.

Ní 1888, George Eastman ní Amẹ́ríkà ta àpótí Kodak ní dọ́là 25. Fíìmù fọ́tò 100 ti wà nínú ẹ̀. Tó o bá yà á tán, odindi àpótí lo máa fi ránṣẹ́ padà. Wọ́n á fọ fọ́tò, wọ́n á ki fíìmù tuntun sí i, wọ́n á dá a padà fún ẹ. Ní 1986, Fujifilm ní Japan gbé oníike jáde. Kodak tẹ̀ lé e ní 1987. Ìyẹn kì í padà sọ́wọ́ ẹni: ilé ìfọ̀fọ́tò á já a, fọ́tò àti nẹ́gátíìfù nìkan lo máa gbà.

Èyí tí àwa mọ̀ jù ni wait-and-get, ìyẹn Polaroid, tó ti wà láti 1948. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò fi nẹ́gátíìfù sílẹ̀. Tí ẹyọ kan yẹn bá ti bà jẹ́, ó parí nìyẹn.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ojú irin láti Èkó àti ti Baro ti pàdé ní Minna kí 1914 tó dé. Òun ló gbé ọ̀pọ̀ baba wa wá. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ fún ará ilé pé ara le, ọmọ ti ń dàgbà.

Yorùbá ò fi fọ́tò ṣeré. Stephen Sprague kọ ọ́ ní 1978 pé ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, fotógíráfà á lo àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì nínú fọ́tò kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tá a bí síbí, inú fọ́tò nìkan ni wọ́n ti mọ bàbá àgbà wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo abẹ́ àpótí. Ẹ bi àwọn ìyá wa léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà: ta nìyí, ọdún wo ni, ìlú wo? Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ jẹ́jẹ́. Kámẹ́rà la lè sọ nù, kì í ṣe orúkọ wọn.