Bí A Ṣe Ń Jí Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Tí Ìsọdọ̀tun BIOS Rẹ̀ Kùnà

Ní àkókò tí a wà yìí, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa ń gbé. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni oníṣòwò ń pa àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń tọ́jú ìwé iṣẹ́ sí. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí laptop, bá ṣàdéédéé dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín gbìyànjú láti sọ BIOS rẹ̀ dọ̀tun, ìpayà ńlá ni ó máa ń jẹ́. Ẹlòmíràn á gbà pé ó ti kú, á sì tà á ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń ra àlòkù. Ẹlòmíràn á sáré san owó mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun.

Àwọn àgbà ní àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Àrùn ni ìkùnà ìsọdọ̀tun BIOS, kì í ṣe ikú, ó sì ní ìtọ́jú. A kọ àpilẹ̀kọ yìí kí ẹ̀yin ará ìlú lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ìgbésẹ̀ tí ẹ lè gbé fúnra yín láìná owó, àti ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Kí ni BIOS, níbo ni ó sì wà?

BIOS ni ètò kékeré tí ó kọ́kọ́ máa ń jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń yẹ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà wò, bíi kíbọ́ọ̀dù, RAM àti háàdì dísìkì, kí ó tó pe Windows pé kí ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ yìí ti gbajúmọ̀ láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ IBM ti gbé kọ̀ǹpútà IBM PC jáde ní ọdún 1981. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà òde òní ni a ń pè ní UEFI, ṣùgbọ́n BIOS ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni àwa yóò sì máa pè é níhìn-ín.

Kókó tó ṣe pàtàkì jù ni pé BIOS kò sí nínú háàdì dísìkì. Inú ṣíìpù kékeré kan tí a jó mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù ni ó wà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni ṣíìpù yìí sábà máa ń jẹ́, ohun tí ó sì lè gbà kò ju bíi megabyte 8, 16 tàbí 32 lọ. Ohun méjì ni èyí kọ́ wa. Èkíní ni pé ìkùnà BIOS kò fọwọ́ kan fáìlì yín: ìwé, àwòrán àti àkọsílẹ̀ yín ṣì wà níbi tí ẹ fi wọ́n sí. Èkejì ni pé mọ́dábọ́ọ̀dù kò jóná: ohun tí a kọ sínú ṣíìpù ni ó dàrú, ohun tí a sì kọ tó dàrú, a lè tún un kọ.

Ohun tí ó máa ń fa ìkùnà

Nígbà tí ìsọdọ̀tun bá ń lọ lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà yóò pa ohun tó wà nínú ṣíìpù rẹ́, yóò sì kọ tuntun rọ́pò rẹ̀. Ohunkóhun tó bá dá iṣẹ́ yìí dúró láàrin, ṣíìpù kò ní ní ti àtijọ́ mọ́, kò sì tíì ní tuntun tó pé. Àwọn ohun tó sábà ń fà á nìyí:

• Iná mọ̀nàmọ́ná lọ nígbà tí bátìrì kọ̀ǹpútà ti kú tàbí tí kò gba iná mọ́.
• Ẹni tó ń lò ó kò ní sùúrù. Ó rí i pé ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ó sì tẹ bọ́tìnì pa á.
• Fáìlì BIOS tí a lò kì í ṣe ti irú kọ̀ǹpútà náà gan-an, tàbí kò wọlé tán láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ BIOS tó bàjẹ́ kì í ṣe tuntun. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní CIH, tí ó jáde ní ọdún 1998, ta jì ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1999, ó sì kọ ìkọkúkọ sórí BIOS ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà wá, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti fi ọ̀nà ìmúbọ̀sípò sínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn. Ìṣòro tó kù ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ọ̀nà yìí wà.

Àwọn àmì tí a fi ń dá a mọ̀

Bí BIOS bá ti bàjẹ́, iná bọ́tìnì yóò tàn, fáànù lè máa yí, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣókùnkùn, kò sì ní sí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, yóò máa tàn, yóò máa kú, yóò sì tún máa tàn fúnra rẹ̀. Nínú HP, iná Caps Lock lè máa ṣẹ́jú léraléra. Nínú ọ̀pọ̀ Dell, iná aláwọ̀ ọsàn yóò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, funfun yóò sì tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀mejì. BIOS ni ó ń tọ́ka sí. Bí ọsàn bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta tí funfun náà sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tó ń wí ni pé òun ń wá fáìlì ìmúbọ̀sípò, òun kò sì rí i.

Bí kò bá sí iná rárá, tí kò sì gbin, ó lè jẹ́ pé ṣájà tàbí bátìrì ni ó ní àrùn. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò.

Àwọn ìgbésẹ̀ tí ẹ lè gbé fúnra yín

Ẹ tẹ̀lé wọn bí a ṣe tò wọ́n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ dúró. Bí ìsọdọ̀tun bá ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ má ṣe pa kọ̀ǹpútà náà. Ó lè kú kó sì tún tàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, fáànù rẹ̀ lè pariwo gan-an, ojú rẹ̀ sì lè ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ṣájà kí ẹ tó gbà pé ó ti kùnà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fa iná tó kù nínú rẹ̀ jáde. Ẹ yọ ṣájà àti gbogbo ohun tí a so mọ́ ọn. Bí bátìrì rẹ̀ bá ṣeé yọ láti ìta, ẹ yọ ọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà, ẹ dá bátìrì àti ṣájà padà, kí ẹ sì tàn án. Ìgbà mìíràn wà tí èyí nìkan tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pèsè filáàṣì. Ẹ wo ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì ṣe àdàkọ orúkọ àti nọ́ńbà irú ẹ̀rọ tó jẹ́ láìfi lẹ́tà kan sílẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ lọ sí ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gan-an, kí ẹ sì gba BIOS tó bá nọ́ńbà náà mu. Ẹ má ṣe gbà á láti ibòmíràn. Filáàṣì náà gbọ́dọ̀ wà ní ìlànà FAT32. Ẹ rántí pé ohun gbogbo tó wà lórí filáàṣì yóò pa rẹ́ bí ẹ bá ń tò ó sí ìlànà yìí. Nítorí náà, ẹ kó ohun tó wà níbẹ̀ kúrò ná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ lo bọ́tìnì ìmúbọ̀sípò. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe rí ni ọ̀nà rí.

Fún HP: Bí ẹ bá ṣí fáìlì BIOS tí ẹ gbà lórí kọ̀ǹpútà kejì, yóò fún yín láǹfààní láti ṣe filáàṣì ìmúbọ̀sípò; ẹ yan èyí. Ẹ pa kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn, ẹ so ó mọ́ ṣájà, kí ẹ sì ki filáàṣì bọ̀ ọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti bọ́tìnì B mọ́lẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi bọ́tìnì ìkẹyìn yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ọwọ́ kúrò lórí Windows àti B títí ojú ìwé ìmúbọ̀sípò yóò fi hàn tàbí tí ẹ ó fi gbọ́ ìró. Ojú rẹ̀ lè ṣókùnkùn fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Bí kò bá dáhùn, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi V rọ́pò B.

Fún Dell: Ọ̀pọ̀ èyí tó jáde láti ìparí ọdún 2015 ni ó ní ọ̀nà yìí. Ẹ yí orúkọ fáìlì tí ẹ gbà padà sí BIOS_IMG.rcv, kí ẹ sì fi sórí filáàṣì. Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ ki filáàṣì bọ̀ ọ́. Ẹ tẹ Ctrl àti Esc mọ́lẹ̀ pọ̀, bí ẹ ṣe tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ni kí ẹ ki ṣájà padà. Nígbà tí ojú ìwé ìmúbọ̀sípò bá hàn, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ yan Recover BIOS, kí ẹ sì tẹ Enter.

Fún àwọn mìíràn: Díẹ̀ lára ThinkPad ìgbàlódé ti ilé-iṣẹ́ Lenovo, àti àwọn HP kan tí a ṣe fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, máa ń tún BIOS ara wọn ṣe láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ sáà fi wọ́n sílẹ̀ lórí ṣájà. Fún ìyókù, ẹ wá ìtọ́sọ́nà ní ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀rọ yín.

Bí gbogbo èyí bá kọ̀

Ó kan ẹni tó mọ iṣẹ́ nìyẹn, síbẹ̀ kò tíì kan mọ́dábọ́ọ̀dù tuntun. Onímọ̀ lè so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ṣíìpù BIOS, kí ó sì kọ BIOS tó pé sínú rẹ̀. Iye tí iṣẹ́ yìí máa ń náni kò sún mọ́ iye mọ́dábọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà yín kalẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí:

1. Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ tí a fi ń kọ ṣíìpù BIOS?
2. Ṣé ẹ ó kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú ṣíìpù náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi méjèèjì wéra, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀? Inú ibẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ àti ìwé àṣẹ Windows sábà máa ń wà. Bí kò bá sí ẹ̀dà, wọ́n lè sọnù.
3. Ṣé ẹ ti wo iye fóltéèjì tí ṣíìpù náà ń lò? Òmíràn ń lo 3.3, òmíràn ń lo 1.8. Ẹni tó bá fún ti 1.8 ní 3.3 lè jó o.
4. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ṣé ẹ ó tún un kà láti rí i dájú pé ó pé?

Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí àwọn ìbéèrè yìí.

Ìdí tí kò fi yẹ kí a sáré pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows òde òní ni ó ń fi BitLocker ti háàdì dísìkì wọn pa, ìgbà mìíràn ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ mọ̀. Inú ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ TPM, tó wà pẹ̀lú mọ́dábọ́ọ̀dù, ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Bí a bá pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ nìyẹn. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà ìmúbọ̀sípò onídíjíìtì 48 nìkan ni ó lè ṣí fáìlì yín. Bí ẹ kò bá ní in, kò sí onímọ̀ tó lè bá yín ṣí i. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó gbà pé òun ń gba iṣẹ́ ọdún mẹ́rin là lè jẹ́ pé ńṣe ni ó ń san owó láti pàdánù rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá nọ́ńbà yìí kí ẹ tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi ṣí kọ̀ǹpútà, tàbí lórí ìwé tí a tẹ̀ jáde. Fún kọ̀ǹpútà iṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì yín. Ẹ tún rántí pé Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2023 fi dandan lé e fún iléeṣẹ́ tó ní ìsọfúnni nípa ènìyàn lọ́wọ́ láti dáàbò bò ó. Ibi tó bá ti ṣeé ṣe, ẹ yọ háàdì dísìkì kọ̀ǹpútà iṣẹ́ kí ó tó lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe, nítorí a lè tún BIOS ṣe láìsí i níbẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí

Ẹ tún ọjọ́ àti àkókò rẹ̀ tò. Ó lè béèrè nọ́ńbà BitLocker lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i. Bí ó bá ní òun kò rí háàdì dísìkì, ẹ má ṣe fi Windows tuntun sí i, nítorí ìyẹn lè pa fáìlì yín rẹ́. Ìtò BIOS ni ó yí padà. Ẹ dá a padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó kàn, kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì pàtàkì sí ibòmíràn.

Bí a ṣe lè dènà rẹ̀

Ẹ má ṣe sọ BIOS dọ̀tun bí kò bá sí ìdí, bíi àtúnṣe ààbò tí ilé-iṣẹ́ kéde tàbí àṣìṣe kan tó ń yọ yín lẹ́nu. Bí ó bá di dandan, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí ṣájà wà lára rẹ̀, kí ó sì jẹ́ bátìrì tó ń gba iná dáadáa. Bí ti yín kò bá gba iná mọ́, ẹ má ṣe gbára lé iná ọba nìkan. Ẹ lo ínfátà, tàbí kí ẹ dúró títí ẹ ó fi pààrọ̀ bátìrì. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà BitLocker sí ibi tí ẹ lè rí i láìtan kọ̀ǹpútà náà.

A rọ gbogbo ará ìlú láti má ṣe ta kọ̀ǹpútà tó dákẹ́ lẹ́yìn ìsọdọ̀tun BIOS, kí wọ́n má sì ṣe jù ú nù, títí wọn yóò fi gbé àwọn ìgbésẹ̀ tí a tò sókè yìí. Ṣíìpù kan ni ó gbàgbé ohun tí a kọ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ yín ṣì wà níbẹ̀.