Owó ìfẹ̀yìntì l'Abidjan: Kí ló dé tí àwọn ọlọ́jà fi dúró síta fún àádọ́ta ọdún?

Bí èèyàn bá wọ ọjà Adjamé tàbí Treichville nílùú Abidjan, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ èdè Yorùbá. Ejigbo, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ilé baba ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin owó ìfẹ̀yìntì Côte d'Ivoire kò kà wọ́n mọ́ òṣìṣẹ́.

Ìwé owó oṣù ni ìlẹ̀kùn

Lọ́dún 1968, ọdún kẹjọ lẹ́yìn òmìnira, ni òfin dá àjọ CNPS sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni. Òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ jọ ń dá owó lóṣooṣù. Owó tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lónìí bá dá ni wọ́n fi ń sanwó fún àwọn tó ti fẹ̀yìntì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àjọ tiwọn, CGRAE.

Àgbẹ̀ kòkó, aránṣọ àti ìyá ọlọ́jà kò ní ọ̀gá tó ń san owó oṣù fún wọn. Nítorí náà, ìta ni wọ́n wà.

Nígbà tí àpò fẹ́ gbẹ

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, owó kòkó já wálẹ̀ gan-an lágbàáyé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì. Ọ̀rọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ó sì ṣòro láti rí òṣìṣẹ́ tuntun tó pọ̀ tó láti dáwó fún àwọn tó ń fẹ̀yìntì.

Lọ́dún 2012, ìjọba fi ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ní iléeṣẹ́ aládàáni kún, láti 55 sí 60. Owó tí wọ́n ń dá kúrò ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, ó di 12, ó sì di 14 lọ́dún tó tẹ̀lé e. Àtúnṣe tó kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà lára ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì ńlá ní oṣù Kìíní ọdún 2017.

Àtúnṣe yìí gba àpò náà là. Àmọ́ àwọn tó wà nínú tẹ́lẹ̀ nìkan ló wà fún.

Ìlẹ̀kùn ṣí lọ́dún 2019

Ní oṣù Keje ọdún 2019, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn, wọ́n sì fi í sábẹ́ CNPS. Lọ́dún yẹn kan náà ni Nàìjíríà ṣe ìfilọ́lẹ̀ irú tirẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà.

Àmọ́ ìyá ọlọ́jà kò ní ọ̀gá tí yóò bá a dá lára owó náà. Àpò ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tó sì ti lé ní 60 ọdún nígbà tí ètò náà dé, ìgbà wo ni yóò dáwó, ìgbà wo ni yóò jẹ ẹ́?

Lesotho gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2004: àpò ìjọba ni wọ́n ti ń san owó fún àwọn tó ti pé 70 ọdún, láì bèèrè bóyá wọ́n dáwó rí.

Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. L'Adjamé, ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ọ̀hún náà, ọjà ni wọ́n ń tà.